Àpò Àgékù Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Kí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, Láolú ti ti kúbùsù tó ń rán sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti fi ẹsẹ̀ gbá àwọn òwú tó já kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ti jókòó sórí àga bí ọkùnrin tó ń ro ọ̀rọ̀ ìlú. Abẹ́rẹ́ nìkan ló gbàgbé. Ó ṣì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀ níbi tó gún un mọ́, òwú pupa sì ń fì nídìí rẹ̀.

Ọlọ́runníyì ni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, kó tó di pé àwọn ọ̀gá ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sinmi nílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè wọ́n. Náírà ti já wálẹ̀, òwú àti irin ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá ti di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Sáàpù ni ìjọba ológun pe oògùn tí wọ́n fún ìlú, wọ́n ní ó korò, ṣùgbọ́n yóò wo àìsàn náà sàn. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ máa ń lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó kọjú sí géètì. Wọ́n á máa wo géètì, géètì náà á máa wò wọ́n. Ọlọ́runníyì wá pè é kí wọ́n jọ lọ.

Láolú ní ẹ̀yìn ń dun òun.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́," Ọlọ́runníyì wí, ojú rẹ̀ wà lára abẹ́rẹ́. "Kí wá ni abẹ́rẹ́ ń ṣe láyà?"

Kò dúró gba èsì. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, Láolú sì mọ̀ pé kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo abẹ́ igi fúrúùtù ni yóò ti gbọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa kúbùsù rẹ̀ jáde.

Òótọ́ tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé iṣẹ́ náà ń dùn mọ́ ọn. Ọyẹ́ ti dé sí Agége. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n jí tí wọ́n rí i pé eruku funfun ti bo ewé, ètè oníkálukú ti ń là, àwọn ìyá sì ti ń wá òrí láti fi pa ọmọ lára. Lóru ọjọ́ náà, Yẹmí, ọmọbìnrin rẹ̀, ká kò bí ìgbín lábẹ́ ìró ìyá rẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Kúbùsù ọjà ti kọjá ohun tí ẹnu wọn lè dá lé. Ìgbà náà ni Láolú rántí àpò ṣáká tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àgékù aṣọ ló kún inú rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí wọ́n mú láti fi nu epo ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kó o wálé, tó ń jù ú síbẹ̀. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó kàn ń dùn ún láti fi aṣọ tó dáa nu epo ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn ní onígun mẹ́rin, ó ń rán wọn mọ́ ara wọn. Kò sí ọ̀kan tí kò mọ̀ nínú wọn. Ó mọ ẹ̀rọ tó hun èyí, ẹ̀rọ tó máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó mọ ẹ̀rọ tó hun ọ̀hún, èyí tó máa ń já òwú tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó gbé ẹ̀pà yíyan sí apá kan, ó gbé ife tíì sí apá kejì, rédíò ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí àpótí, oòrùn ọyẹ́ tí kò lágbára sì ń ti ojú fèrèsé wọlé wá sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbádùn, kò ní purọ́. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè jókòó sílé lọ́sàn-án kí ó sì dùn.

Ṣùgbọ́n adùn náà kì í pẹ́. Kí tíì tó tutù, ara rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Fèrè ilé iṣẹ́ bísíkíìtì tó wà lójú ọ̀nà á dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wá bàtà kó tó rántí pé kì í ṣe òun ni fèrè ń pè. Á dìde lọ sójú fèrèsé. Á lọ wo ẹ̀rọ omi àgbàlá bóyá omi ń bọ̀. Á padà wá jókòó, á rán ìdajì ojú ìrán kan, á tún dìde. Kíkẹ́lọmọ ìyàwó rẹ̀ ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ sí Oko Ọba láti ra pọ̀nmọ́ tó ń kiri. Ìyàwó wà lábẹ́ ẹrù, ọkọ ń mu tíì, ó ń rán òdòdó mọ́ òdòdó. Ojú ń tì í. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni Èṣù ń yá lò, ìyá rẹ̀ máa ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ kò dilẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni kò rí àga jókòó.

Lọ́jọ́ náà, ó búra fún ara rẹ̀ pé kúbùsù yóò parí kí Yẹmí tó ti ilé ìwé dé. Bí iṣẹ́ bá parí, bóyá ara òun náà á rọlẹ̀. Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan péré. Ó da gbogbo ohun tó kù nínú àpò sílẹ̀, àwọn tó kéré jù ló kù, àfi ìdì kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ká a pọ̀ ṣinṣin, wọ́n fi òwú dì í lókè nísàlẹ̀. Aṣọ aláró ni, ẹyẹ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀. Láolú mọ aṣọ náà dáadáa. Ọdún tí wọ́n ń hun ún, ìdajì ọmọ Agége ló wọ̀ ọ́. Ó rò ó pé òun ni òun dì í bẹ́ẹ̀ tí òun gbàgbé.

Ní ilé iṣẹ́ wọn, àwọn tó ń gé aṣọ kì í tú u. Wọ́n á tẹ́ ìṣẹ́po lé ìṣẹ́po, wọ́n á fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń tú aṣọ wò kó tó gé e, ọmọ iṣẹ́ àná ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì fi í ṣẹ̀sín títí ọjọ́ á fi lọ. Láolú kì í ṣe agéṣọ, ṣùgbọ́n ó ti dúró tì wọ́n títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdì náà mọ́ pákó, ó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́ láàárín, ó gé e já. Ó yí i, ó tún gé e. Nǹkan líle kan dá irin dúró. Ó fi agbára kún un, nǹkan náà sì fọ́ pẹ́ẹ́.

Bọ́tìnì ni. Ìgbà náà ni ó tú u wò.

Ọwọ́ ẹ̀wù ló kọ́kọ́ já bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀wù kékeré. Lẹ́yìn náà ni kọ́là, ìdajì síbí, ìdajì sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni àpò àyà, tí wọ́n fi òwú dúdú dí ihò kan ní igun rẹ̀. Láolú mọ òwú dúdú náà. Òun ló rán an. Kò rí òwú aláró lọ́jọ́ náà, ọmọ náà sì ń fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ pé kó yára.

Adéìfẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Òun ni àbúrò Yẹmí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ibà mú un nínú ọyẹ́ bí irú èyí, ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ó sì lọ kí wọ́n tó rí dókítà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́, gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló wí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà gbé e jáde. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún bàbá, wọn kò sọ fún ìyá, nítorí òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Màmá Gbénró, arúgbó Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti ọmọ náà lọ: ẹní rẹ̀, bàtà rẹ̀, àwo ìjẹun rẹ̀, aṣọ rẹ̀ gbogbo, kí ojú òbí má baà máa rí i. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú yàrá náà. Láolú gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Kíkẹ́lọmọ fi padà sẹ́nu òwò rẹ̀, kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, ọkọ rẹ̀ sì máa ń sọ nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé ju òun lọ.

Àṣé ó ti yọ ọ̀kan pamọ́. Ó dì í bí àgékù, ó kì í sísàlẹ̀ àpò tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn nínú ilé.

Láolú kó àwọn ege náà jọ, ó gbé wọn sí imú. Epo ẹ̀rọ ni wọ́n ń rùn.

Ibi tó wà nìyẹn nígbà tí Màmá Gbénró ṣí ilẹ̀kùn tó fẹ́ yá ìṣáná. Kò rántí láti fi nǹkan kan pamọ́. Arúgbó náà wo ilẹ̀, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ Láolú, ó sì wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé wọ́n fi àga lọ̀ ọ́. Ó mọ ẹ̀wù náà. Ó ní òun wá a lọ́jọ́ náà, òun bi Kíkẹ́lọmọ léèrè, Kíkẹ́lọmọ sì dáhùn pé ó ti ya, pé òun ti jù ú nù. Ó ní kò yẹ kí ẹ̀wù náà wà nínú ilé tí ọmọ mìíràn ń sùn sí, ká má tiẹ̀ sọ pé wọ́n fẹ́ rán an mọ́ ohun tí ọmọ náà yóò fi bora.

"Kó o fún mi," ó wí. "Kí ìyàwó ẹ tó dé, mo ti gbé e lọ. Kò sì lè bi ọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ wá ohun tí kò yẹ kó ní?"

Láolú wò ó. Kì í ṣe obìnrin burúkú. Òun náà ti sin ọmọ rí, ẹlòmíràn ló sì kó ẹrù wọn jáde fún un. Ohun tó sọ sì bọ́gbọ́n mu. Bí ẹ̀wù bá lọ, ọ̀rọ̀ parí. Kíkẹ́lọmọ yóò wá a nínú àpò lọ́jọ́ kan, kò ní rí i, yóò sì dákẹ́, bó ṣe ń dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Kò ní mọ̀ láé pé ọkọ òun ló gé e. Ó na ọwọ́. Màmá Gbénró di aṣọ náà mú lápá kan, ṣùgbọ́n ìka Láolú kò tú lára rẹ̀. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni méjì tó fẹ́ ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lórí okùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ kó ti ọwọ́ mi bọ́ sí ọwọ́ Kíkẹ́lọmọ."

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó lọ, kò mú ìṣáná.

Láolú wá sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí òun gé, òun lè rán an. Kí ni iṣẹ́ òun láti ọjọ́ yìí? Ó ti kúbùsù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá òwú aláró tó dára jù, ó to àwọn ege náà sórí ẹní bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò dìde lọ sójú fèrèsé mọ́. Fèrè ilé iṣẹ́ bísíkíìtì dún lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ gún un, ó fi ìka náà sẹ́nu kí ẹ̀jẹ̀ má baà kan aṣọ. Ó rọra ń lọ, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ tí kò rí lò láàárọ̀ ló wá ń lò yìí.

Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n bá gé, tí wọ́n sì fẹ́ rán padà, etí méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kì wọnú kí ó má baà tú. Ojú ìrán kọ̀ọ̀kan ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Láolú mọ èyí, ó kàn rò ó pé kò ní tó nǹkan ni. Nígbà tó parí, tó gbé ẹ̀wù náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ wà, kọ́là wà, àpò wà, àwọn ẹyẹ tí irin pín sí méjì ti padà di ẹyẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àwọn kan kò ṣe déédéé ọrùn. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Àmọ́ ẹ̀wù náà ti kéré. Kò lè wọ ọmọ ọdún mẹ́rin mọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ gbá ògiri mú rìn ni yóò gbà.

Ó ń wá irọ́ tó lè pa. Ó ro èkúté. Ó ro iná. Ó gbọ́ ohùn Kíkẹ́lọmọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kí Màmá Gbénró, Màmá Gbénró sì dáhùn ṣókí.

Kíkẹ́lọmọ wọlé, eruku ọyẹ́ ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun. Láolú gba igbá pọ̀nmọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Kò jẹ́ kó mu omi. Ó mọ̀ pé bó bá mu omi tán, òun á tún rí ìdí mìíràn tí òun á fi dúró díẹ̀ sí i. Ó gbé ẹ̀wù náà lé e lẹ́sẹ̀ bó ṣe jókòó.

"Kíkẹ́, mo gé e," ó wí. "Mo ti gé e kí n tó mọ̀."

Kíkẹ́lọmọ fi ìka tọ ojú ìrán kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ ò tiẹ̀ tú u wò."

"Mi ò tú u wò."

"Òun nìkan ló kù," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n inú ń bí i, ó sì jẹ́ kó rí i. "Ọjọ́ tí ọ̀nà Oko Ọba bá le, tí mo bá délé tẹ́ ẹ ò sí nílé, mo máa ń mú un jáde. Mi ò kí ń tú u. Mo máa ń gbé e lẹ́sẹ̀ báyìí ni."

Láolú lóṣòó síwájú rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, kò múra sílẹ̀ fún èyí. Ó bẹ̀ ẹ́. Kíkẹ́lọmọ kò sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sí kúbùsù tó wà nílẹ̀, ó fà á bo ẹsẹ̀ nítorí òtútù, ẹ̀wù náà sì wà lórí rẹ̀. Láolú ní òun rò ó pé ó ti gbàgbé ọmọ náà ni, nítorí kò mẹ́nu kàn án rí.

"Nítorí yín ni," ó wí. "Mo rò ó pé bí mo bá pe orúkọ ẹ̀ lójú yín, ẹ ò ní lè gbé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde lẹ ò ti lè jókòó sójú kan. Ẹ máa ń dìde rìn kiri yàrá. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó tì yín síta, Bàbá Yẹmí. Kì í ṣe Sáàpù."

Láolú fẹ́ jiyàn. Ó rántí ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún náà, bó ṣe ń lọ láti ìdí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìn ín pé kì í sinmi.

Kíkẹ́lọmọ ki ìka bọ àpò ẹ̀wù náà. Méjì péré ló wọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ kan ibi òwú dúdú. Ó bi í pé kí ló lu ihò náà gan-an, òun ò rántí mọ́.

"Òkúta," Láolú dáhùn. "Òkúta ojú irin tó ń ṣà kún un."

"Adéìfẹ́ àti òkúta," ó wí, ó sì fi imú rẹ́rìn-ín.

Orúkọ náà rọrùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Láolú fi mọ̀ pé ojoojúmọ́ ló ń pè é, níbòmíràn, lójú ọ̀nà, lábẹ́ ẹrù. Òun náà gbìyànjú rẹ̀. Ó pè é. Ohùn rẹ̀ ya, ó tún un pè.

Yẹmí ló rí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbé ojú sókè. Àpò ìwé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. Kíkẹ́lọmọ fi ọwọ́ bo ẹ̀wù náà. Ọmọdé ni Yẹmí nígbà náà, wọn kò jẹ́ kó wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ jáde, wọ́n sọ fún un pé ó rìnrìn-àjò, kò sì béèrè mọ́. Wọ́n ti máa ń dúpẹ́ pé ọmọdé tètè ń gbàgbé.

Yẹmí wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀.

"Èyí tó bá funfun nínú òkúta ẹ̀, èmi ló máa ń fún," ó wí. "Ó ní owó ni. Ó ní kí n má ná an." Ó fi bàtà ha ilẹ̀. "Ó wà nínú páálí ìwé mi. Màmá Gbénró rò pé òkúta lásán ni, wọn ò kó o. Ṣé ẹ máa bínú tí mo bá mú un wá?"

Nínú yàrá kan ṣoṣo yìí, níbi tí ènìyàn kò ti lè wúkọ́ kí ẹlòmíràn má jí, ọmọ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń fi pamọ́ fún ara wọn.

"Mú un wá," Láolú wí fún un. Kíkẹ́lọmọ ti gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀wù, ó sì ń sún láti fi àyè sílẹ̀ fún un lábẹ́ kúbùsù.